Oníduúró Méjì

Ní Kòmú, ní Òkè-Ògùn, kí àlejò tó dárúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ bi mí. Ó jókòó ti ìkòkò ńlá kan lábẹ́ igi, ó ń fi orógùn da òrí tó ń hó lórí iná, èéfín sì ti mú ojú rẹ̀ pọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ní ilé àwọn ẹbí ọ̀rẹ́ mi kan ni mò ń wá, mo sì dárúkọ ọ̀rẹ́ mi. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo dárúkọ bàbá ọ̀rẹ́ mi. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún dákẹ́. Ìgbà tí mo ní ọmọ-ọmọ ọdẹ tó ń gbé ìdí oṣè ni, ó gbé orógùn sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó ní: "Ọmọ ọdẹ! Kí ló dé tí o kò ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?" Ó ké sí ọmọdékùnrin kan pé kó ṣáájú mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò le lójú mi. Kòmú ni wọ́n ti bí ọ̀rẹ́ mi yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ní Yorkshire, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń kọ́ ilé kan lọ́wọ́ sí Ìbàdàn, ó sì fẹ́ kí ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ̀ àgbà wà lára ògiri pálọ̀ ilé náà. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ni ìbọn ọ̀hún wà. Ó fi owó ránṣẹ́ sí mi ní báńkì, owó tó ju iye tí ẹnikẹ́ni lè bèèrè lọ, ó ní kí n bá òun lọ nájà rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Mo ti bá àwọn ará òkè òkun ra ilẹ̀, mo ti bá wọn ra mọ́tò, mo tilẹ̀ ti bá ẹnì kan gbé owó orí ìyàwó lọ sílé àna. Kí ni ìbọn àtijọ́ kan ṣoṣo tún jẹ́?

Èrò mìíràn tún wà lọ́kàn mi. Nílé wa ní Ìbàdàn, bí a bá gbọ́ ìròyìn Òkè-Ògùn, ìròyìn ajínigbé ni, tàbí ti ìjà àgbẹ̀ àti darandaran, tàbí ti ìbọn tó dún nínú igbó. Mo ti gbà pé ní irú ìgbèríko bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ ló nìbọn. Òfin ìbọn, lójú tèmi, àwọn òyìnbó ló wà fún.

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ Kòmú. Igi òrí àti igi igbá dúró káàkiri, wọ́n jìnnà síra wọn, koríko sì ga láàárín wọn títí iná ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi jó o. Ojú máa ń ríran jìnnà níbẹ̀ ju bó ṣe ń ríran lápá ọ̀dọ̀ tiwa lọ. Bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn, kọjá ọ̀nà Sépètérì, igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park ni a ó kàn, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Láti 1952 ni ìjọba ti sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ ẹranko. Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ gbà á. Ẹfọ̀n tí àwọn bàbá àgbà máa ń sọ ìtàn rẹ̀, ibẹ̀ ló kù sí, ọdẹ tó bá sì gbé ìbọn wọ ibẹ̀ lónìí ti rúfin. Òyà, ẹtu àti àparò ni ọdẹ ìsinsìnyí ń lé ní etí oko.

Bàbá Kékeré, bí gbogbo ilé ṣe ń pe àbúrò bàbá ọ̀rẹ́ mi, kò jẹ́ kí n dárúkọ ìbọn kí n tó jẹun. Ìyàwó rẹ̀ gbé àmàlà dúdú wá, ọbẹ̀ lúrú ló bù lé e, ó wá da ọbẹ̀ ata sí i pẹ̀lú wàrà díndín àti ẹran òyà. Gbẹ̀gìrì àti ewédú ni tiwa ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ apá Òkè-Ògùn yìí ni púpọ̀ nínú èlùbọ́ wa ti ń wá. À ń gba èlùbọ́ wọn, a ò gba ọbẹ̀ wọn. Lúrú ní òórùn ewé tí oòrùn ti sá gbẹ, ó sì ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí mo ní ẹran ti pọ̀ jù fún mi, ìyá ilé rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ ẹ́ o jàre. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, bó bá pẹran, kò níí fẹ́nì kan jẹ."

Ẹ̀ka èdè Òǹkò ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, ohùn wọn ń gba imú jáde díẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjú sí mi, wọ́n á tún un sọ lọ́nà tí màá fi tètè gbọ́. Èmi kò yí ọ̀rọ̀ tèmi padà fún ẹnì kankan. Ọmọ ìlú ńlá máa ń rò pé bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Bàbá Kékeré wọ yàrá, ó sì gbé ìbọn náà jáde nínú aṣọ òfì kan tó ti ṣá. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Igi apá ni wọ́n fi gbẹ́ ìdí rẹ̀, òógùn àti epo ti sọ ọ́ di dúdú. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi de ọ̀pá rẹ̀ mọ́ igi, irin kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa ń já lu ibi tí iná ti ń ṣẹ́. Kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀, kò sí ọdún, kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́. Àmì kan ṣoṣo tó ní wà lábẹ́ igi náà, níbi tó ti jẹ wọnú díẹ̀ tó sì ń dán.

"Ọwọ́ òsì Bàbá nìyẹn," ni Bàbá Kékeré wí. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kún ibẹ̀.

Mo rántí ìbọn kejì. Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀kan ní Yorkshire, ìbọn ọdẹ àtijọ́ tó fi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn fún eré ìdárayá. Lee-Enfield ni, wọ́n tẹ 1917 sí i lára, ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń fi irú rẹ̀ jagun ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn ogun, ẹnì kan gé igi iwájú rẹ̀ kúrò kó lè fúyẹ́, ìbọn ogun sì di ìbọn ọdẹ. Irin kan yọ létí rẹ̀. Wàá gbé irin náà sókè, wàá fà á sẹ́yìn, pàǹtí ọta tó ti jó á fò jáde. Wàá tì í síwájú, ọta tuntun á wọlé. Wàá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì. Ọta mẹ́wàá ló ń gbé sínú lẹ́ẹ̀kan náà. James Paris Lee, tí wọ́n bí ní Scotland tó sì dàgbà ní Kánádà, ló ro ọgbọ́n irin yẹn. Enfield, ní àríwá London, ló fún un ní orúkọ kejì. Ní ọjọ́ kan tí ẹgbẹ́ náà ń gbàlejò, ọ̀rẹ́ mi mú mi dání. Wọ́n fi nǹkan bò mí létí, mo dojú bolẹ̀ lórí ẹní, mo yìn ín sí bébà tí wọ́n gbé kọ́ ní ọgọ́rùn-ún yáàdì. Ó gbá mi léjìká. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, kò sí ìdí tí n ó fi bò ó.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ mi tó ra ìbọn yẹn, ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ọlọ́pàá ní kó sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ, "mo fẹ́ràn rẹ̀" kò sì tó. Wọ́n béèrè ìlera rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Wọ́n wá sílé rẹ̀, wọ́n wo àpótí irin tó kàn mọ́ ògiri, wọ́n wo ibi tó ń kó kọ́kọ́rọ́ sí. Wọ́n ní kó mú ènìyàn méjì wá tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n fún ọdún méjì ó kéré tán, kí àwọn yẹn sọ irú ẹni tó jẹ́. Ìwé tí wọ́n fún un, ọdún márùn-ún péré ló ní. Bó bá tán, àyẹ̀wò á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe háà nígbà náà. Mo ní, ẹ wò bí òyìnbó ṣe ń ṣètò ayé wọn.

Òfin tiwa náà wà nílẹ̀, mo sì kà á kí n tó kúrò nílé. Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ogun ló wà lókè, Ààrẹ nìkan ló lè fún ènìyàn láṣẹ rẹ̀. Ìbọn oníkàtíríìjì lásán àti ìbọn ọdẹ ilẹ̀ òkèèrè wà láàárín, ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ìwé tiwọn wà. Ṣakabùlà ló wà nísàlẹ̀, òun náà sì ní ìwé tirẹ̀. Òfin náà ní kí wọ́n má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, tàbí ẹni tórí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé ìwọ̀n ọta .303 tí Lee-Enfield ọ̀rẹ́ mi ń jẹ, wọ́n kọ ọ́ gbangba sí abẹ́ ìbọn ogun. Ohun tó fi ń ṣeré lọ́jọ́ Àìkú ní Yorkshire, bó bá gbé e dé Kòmú, ẹ̀wọ̀n ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún.

Bàbá Kékeré kò dárúkọ iye kankan fún mi. Ó ní ó yẹ kí á kọ́kọ́ yà kí alágbẹ̀dẹ, nítorí bàbá alágbẹ̀dẹ ló rọ ìbọn náà.

Abẹ́ páànù tí kò ní ògiri ni ilé àgbẹ̀dẹ náà wà. Ọkọ́ àti àdá ló kún ilẹ̀, owú ńlá kan sì wà nínú ilẹ̀ láàárín, màrìwò gbígbẹ lórí rẹ̀, epo pupa lára rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ gba ìbọn, ó fi ìka kan ọ̀pá rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó ní ọ̀pá síárì ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà kan tó dojú dé lọ́nà Ìsẹ́yìn ni bàbá òun fi ṣe é, pé irin síárì kì í fà ya bí irin páìpù omi. Mo bi í bóyá òun náà máa ń ṣe é. Ó ní àtúnṣe ni tòun, ọkọ́ àti àdá ló sì ń bọ́ òun.

Ó wá sọ ti àwọn ọ̀dọ́ kan fún mi, tí wọ́n gbé jíìpù wá láti ìlú ńlá, tí wọ́n ní ìbọn làwọn ń wá, iye yòówù kó jẹ́. "Mo bi wọ́n pé ta ni Olúọ́dẹ wọn. Wọ́n wo ara wọn lójú. Mo ní, ó dáa, ta ni bàbá yín? Ọ̀kan nínú wọn bínú, ó ní ṣé ilé ìwé ni òun wá ni?" Ó fẹ́ atẹ́gùn sí iná. "Ẹni tí kò fẹ́ kí n mọ bàbá òun, kí ló fẹ́ fi irin mi ṣe?"

Mo dákẹ́. Owó èmi náà ṣì wà nínú báńkì, mi ò sì tíì sọ orúkọ bàbá mi fún un.

Lálẹ́, wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ Olúọ́dẹ. Mo gbé obì, orógbó àti sínáápù dání bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àkàrà-Oògùn inú ìwé Fágúnwà ni mo ń retí, èyí tí a kà nílé ìwé, tí oògùn kún ara rẹ̀. Ẹni tí mo bá ni bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú, tó ń gbọ́ ìròyìn nínú rédíò kékeré. Ó ní kí n sún mọ́ òun dáadáa, ìbọn ti ba etí òun jẹ́. Àwọn ọdẹ mìíràn jókòó sórí àga onígi káàkiri àgbàlá, ọ̀kan nínú wọn sì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó ń sùn.

Nítorí kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ní ìmọ̀ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Lee-Enfield fún wọn. Olúọ́dẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí n tó parí. Ó gbé irin tí kò sí níbẹ̀ sókè, ó fà á sẹ́yìn, ó tì í síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bí ó ṣe yẹ gẹ́lẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe lọ. Èmi nìkan ló yà lẹ́nu.

"Bàbá mi gbé e ní Bọ́má," ni ó wí. Nígbà Ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nínú ọmọ ogun tí wọ́n pè ní ìpín kọkànlélọ́gọ́rin àti ìpín kejìlélọ́gọ́rin, lọ bá àwọn ará Japan jà nínú igbó Bọ́má láti 1943 títí ogun fi parí. Bàbá Olúọ́dẹ wà lára wọn. Nígbà tó dé ilé, ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí ìbọn náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n ti gba ìbọn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ní ìbọn tó dáa ni. Ó ní à ń yìn ín sínú òkùnkùn, a ò mọ ẹni tó bà, ẹni tó bà náà ò mọ̀ wá. Nígbà tó padà sídìí ṣakabùlà, ó ní kò dun òun."

Bàbá mìíràn dá sí i. Ó ní àwọn bàbá wọn ti mọ agbára irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1916 tí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò ṣọ̀tẹ̀ sí ètò ìjọba òyìnbó, ṣakabùlà ni wọ́n gbé jáde. Àwọn sójà tí ìjọba kó wá gbé ìbọn tí ń yìn léraléra. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún ará Òkè-Ògùn èyí tó lágbára jù nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni Olúọ́dẹ kọjú sí mi. "Ṣé owó lo gbé wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Owó kò burú. Ta ni yóò dúró fún ọ̀rẹ́ rẹ?"

Mo ní èmi yóò dúró fún un. Wọn kò rẹ́rìn-ín sókè, wọ́n níwà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olúọ́dẹ kàn bi mí jẹ́jẹ́ pé: "Ta ni yóò wá dúró fún ìwọ?"

Ó ṣàlàyé fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìbọn ọdẹ ní Kòmú, ìwé ìjọba jẹ́ apá kan, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì láàárín ìlú gbọ́dọ̀ dúró fún un, àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú ìbínú àti nínú ẹ̀rín. Bí ìbọn náà bá ṣìwà hù, àwọn ni a ó kọ́kọ́ kàn lára. Ẹni tó fẹ́ gba ìbọn fúnra rẹ̀ yóò wá fi ọwọ́ kan irin níwájú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ń fi ọwọ́ ẹlòmíràn kan irin. Ọkùnrin tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ wá béèrè ohun tí kò tíì wá sí èmi lọ́kàn rí: "Ilé Ìbàdàn tí ẹ ní ó ń kọ́ yẹn, ta ló ń gbé ibẹ̀?" Mo ní ọlọ́dẹ ẹnu géètì ni. "Ìbọn á wà lára ògiri, ẹni tó ni ín á wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò mọ ọjọ́ tó kúrò lára ògiri?"

N kò ní èsì. Ní Yorkshire, ọ̀rẹ́ mi kan àpótí irin mọ́ ògiri fún ìbọn rẹ̀. Fún ti bàbá rẹ̀ àgbà, ìṣó ló fẹ́ kàn. Ọlọ́pàá Yorkshire béèrè ẹni méjì, Olúọ́dẹ Kòmú béèrè ẹni méjì, ìkan nínú wọn kò sì gbọ́ ti èkejì rí. Èyí tí mo pè ní ọgbọ́n òyìnbó, wọ́n ti ń ṣe é lábẹ́ oṣè láìsí fọ́ọ̀mù.

Ọmọ Bàbá Kékeré ló ń gbé ìbọn náà ṣọ́ oko lóru. Ọkadà ló ń gùn lọ́sàn-án. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú káàdì ìdìbò rẹ̀, ó sì fi hàn mí kí n tó béèrè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ sí etí oko ẹ̀gẹ́ wọn, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé wa, ó gbé kéègì òfìfo kan sórí ọ̀kìtì ọ̀gán. Ó gbé ẹnu ìbọn sókè, ó da ètù sínú rẹ̀, ó fi àkísà tẹ̀ ẹ́, ó fi ọ̀pá gún un, ó ka ọta sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún fi àkísà dí i. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnu ìbọn kò kọjú sí ẹnì kankan. Nígbà kan tó fẹ́ fi ibi tí òyà máa ń gbà hàn mí, bàbá rẹ̀ kígbe mọ́ ọn: "Ọwọ́ rẹ ni kó o fi júwe o, má fi ẹnu ìbọn júwe!" Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọ̀gá tó gbé àsíá pupa dání níbi ìyìnbọn sọ fún mi ní Yorkshire.

Lẹ́yìn náà ló yìn ín. Irin já, nǹkan kékeré kan ṣẹ́, ó dà bí ẹni pé kò ní dún mọ́, kó tó wá bú jáde. Iná pupa gùn jáde lẹ́nu rẹ̀, èéfín funfun bo gbogbo wa, kò sì sí ẹni tó rí kéègì mọ́ títí atẹ́gùn fi gbé èéfín lọ. Kéègì ti já bọ́. Ní Yorkshire, kí n tó mí dáadáa, ọta mẹ́wàá ti lọ, n kò sì mọ èyí tó lu ihò wo nínú bébà. Níbí, mo ti rí gbogbo ohun tó wọ inú ìbọn náà, bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó tún un kì, ẹran á ti dé Òtu. Mo béèrè bóyá ìyẹn kì í dun ọdẹ. Ọmọkùnrin náà ní, bí òun bá ní ìbọn tó ń yìn léraléra lóru, òun á máa yìn kí òun tó mọ ohun tí òun rí. Pé àwọn ọdẹ kan ti ṣèèṣì pa ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ́ẹ̀, nítorí iná orí ẹnì kan tó ń tàn nínú koríko.

Mo na ọwọ́ sí ìbọn. Ó wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mi orí. Orúkọ mi kò sí nínú ìwé àṣẹ, kò sì tíì sí ẹni tó dúró fún mi.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun gbogbo ló gún bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, obìnrin Fúlàní kan tó ń gbé wàrà wá fún ìyá ilé jókòó bá wa. Kòmú ni wọ́n ti bí i, ó ń sọ Òǹkò ju èmi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin fẹ́ máa bá àwọn ọdẹ ṣọ́ igbó, nítorí àwọn ajínigbé kì í yọ gáà sílẹ̀. Wọ́n ní kó mú ẹni méjì wá. Ẹnì kan ti gbà láti dúró fún un. Wọ́n ṣì ń wá èkejì. Ó sọ ọ́ láìbínú, ó ń ka owó wàrà rẹ̀. Ìyá ilé kò gbé ojú sókè. Ètò tó ń ti àjèjì oníjíìpù padà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ló ń ti ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn ìlú padà.

Ètò oníwèé ti òyìnbó náà sì ní ihò tirẹ̀. Ní Dunblane, ní Scotland, ní oṣù Ẹrẹ́nà 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ìwé, ó yìnbọn pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé pérépéré. Ọlọ́pàá kan ti kọ̀wé ní 1991 pé kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn òbí ládùúgbò sì ti ń kùn nípa rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ni àwọn aláṣẹ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìbọn ìléwọ́. Ìwé lè pé kí ènìyàn má pé. Ènìyàn náà sì lè pé kí ará ìlú má tíì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi dé orí ìrònú ara mi. Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, mo ti gbọ́ ìbọn lóru, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra, n kò mọ ẹni tó yìn ín. Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹni méjì wá lójú títì wa tí wọ́n mọ̀ mí nínú ìbínú àti nínú ẹ̀rín, ẹni tó ń ta káàdì fóònù fún mi ni màá kọ́kọ́ rántí. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ihòòhò wo ni èmi ń rìn kiri?

Kí n tó kúrò ní Kòmú, a pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, Bàbá Kékeré jókòó tì mí, a ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Mo rò ó fún un. Inú kọ́kọ́ bí i. Ó ní ìbọn bàbá òun àgbà ni, òun kò jí i. Nígbà tí mo dé ibi ẹni méjì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọlọ́pàá òun ní Yorkshire ti dé Kòmú ni? Ó ní kò ṣòro. Ó dárúkọ ẹnì kan tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kékeré ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn wà, ó tiẹ̀ máa ń béèrè rẹ̀. Ó dárúkọ ẹnì kejì, bàbá kan tó máa ń gbé òun lọ sóko.

"Ìyẹn ti kú," ni Bàbá Kékeré wí.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Ó ní, "Nígbà wo?" Wọ́n sọ fún un. Ó ní kò sí ẹni tó sọ fún òun. Ó dárúkọ ẹlòmíràn. Ìyẹn ti kó lọ sí Èkó, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ó dárúkọ ọ̀kan sí i. Orúkọ ìnagijẹ ni, kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀ nínú ilé. A gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó pẹ́, ó bi mí pé kí ni kí òun ṣe sí owó tó wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní màá dá a padà, kó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Bàbá Kékeré gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ẹnu. "Má wá lo ọjọ́ méjì o," ni ó pariwo sínú rẹ̀. "Ẹni tí yóò dúró fún ọ ní láti kọ́kọ́ mọ bí o ṣe ń jẹun."